Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Apá Kan Péré Ló Kù Díẹ̀ Káàtó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó, mo fẹ́ bá yín wí díẹ̀. Ìdánwò GRE yìí, tí ẹ fi ń wá àyè ẹ̀kọ́ oyè kejì lókè òkun, ti fẹ́ di àìsàn sí yín lára. Ọmọ á mú èsì dé, á ti ṣe dáadáa nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n nítorí pé apá èdè Òyìnbó kù díẹ̀ káàtó, kò ní jẹun, kò ní kí èèyàn. Ṣé bí a ṣe tọ́ yín ní Ajílété nìyẹn?

Mo mọ ibi tí ó ti wá. Wáẹ́ẹ̀kì ló kọ́ yín. Ẹni tí ìṣirò bá gbé ṣubú lọ́dún kan á tún un ṣe, tàbí kó ṣe NECO, á so èsì méjèèjì pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwé á sì gbà á. Mo ti wà ní ilẹ̀ Yewa yìí kí wọ́n tó dá Pólì Ìlaròó sílẹ̀ ní 1979, mo mọ ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dèèyàn. Kò sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ti GRE yàtọ̀. Ẹ ò lè tún apá kan ṣoṣo ṣe. Ìbéèrè 27 lórí èdè, 27 lórí ìṣirò, àti àròkọ kan, gbogbo rẹ̀ lẹ ó tún jókòó tì. ETS tó ni ìdánwò náà ní kí ẹ yan èsì ọjọ́ tó wù yín láti fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n odindi ló ń lọ. Wọn kì í gé ti òní lẹ̀ mọ́ ti àná. Owó rẹ̀ ńkọ́? Dọ́là ni wọ́n ń gbà! Ẹ lọ bi àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Ìdíròkò wò, kí ẹ tó lọ bá bàbá yín.

Ọmọ kan ládùúgbò wa ka iṣẹ́ ẹnjiníà ní yunifásítì FUNAAB l'Ábẹ́òkúta. Ó gba 164 nínú 170 lórí ìṣirò, ó gba 149 lórí èdè. Ó ní òun máa tún un ṣe, torí ọ̀rẹ́ òun gba 160 lórí èdè. Mo ní, kí ni ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ lọ kọ́? Ó ní ìtàn. Ẹ gbọ́ mi o! Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Ìṣirò ni orí fún ẹnjiníà, èdè ni fún ẹni tó ń lọ ka ìtàn. Tó bá jẹ́ pé ìṣirò ló gba 149 ni, èmi gan-an ni màá ní kó padà síbẹ̀. ETS fúnra wọn sọ pé kò yẹ kí yunifásítì fi máàkì GRE nìkan gba èèyàn tàbí kọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá sì pọn dandan fún láti tún un ṣe, kó kọ́kọ́ mọ ibi tí òjò ti ń pa òun. Ṣé ọ̀rọ̀ ni ẹ kò mọ̀ ni, àbí àkókò ló tán mọ́ yín lọ́wọ́? Abala àkọ́kọ́ nínú èdè, ìbéèrè 12 ni, ìṣẹ́jú 18. Bí ẹ bá ṣe é sí ló ń pinnu bí abala kejì yóò ṣe le tó. ETS ní ọjọ́ 21 ni kẹ́ ẹ fi sí àárín ìdánwò méjì, ó kéré tán. Ìyẹn kò tó láti kọ́ èdè, ẹ má tan ara yín. Èsì yín á wúlò fún ọdún 5, kí wá ni ìkánjú?

Láti ìgbà kòrónà ní 2020 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ béèrè GRE mọ́. Ṣé ẹ ti wo ti ibi tí ẹ̀ ń lọ?

Mo bi ọmọ FUNAAB yẹn pé lẹ́tà ìjẹ́rìí àwọn olùkọ́ rẹ̀ ńkọ́. Mẹ́ta ni yunifásítì tó fẹ́ lọ béèrè, kò tíì kàn sí ẹnì kankan, bẹ́ẹ̀ oṣù Kejìlá ni wọn yóò tìlẹ̀kùn! Mo ní kó wọ mọ́tò Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Ajé, kó lọ kí ọ̀gá tó bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, kó sì mú ẹ̀dà iṣẹ́ náà dání.