Sí Àkànní, Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ìtẹ̀wé

Àkànní ọmọ mi,

Ìyá rẹ ní o fẹ́ fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ò ń kọ́ sílẹ̀, pé ẹni tí kò wọ yunifásítì kò lè di ẹni àpọ́nlé nídìí ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara. Fetí sí ìtàn George Smith, ọmọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé tó di onímọ̀ láìwọ yunifásítì.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1840, òbí rẹ̀ kò rí jájẹ. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fín iṣẹ́ ọnà owó bébà sára irin. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jẹun ọ̀sán, British Museum lòun ń sáré lọ, níbi tí wàláà amọ̀ tí wọ́n hú ní Nínéfè, ìlú àwọn ará Ásíríà àtijọ́, wà. Esùsú ni àwọn ará Ásíríà fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sára amọ̀ tútù. Àmì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ lórí, ó tín-ín-rín nídìí bí ìṣó. Èmi gbà pé ojú tó ti mọ iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ara owó ló ràn án lọ́wọ́ láti ka àwọn àmì náà. Lọ́dún 1867 ni wọ́n gbà á síṣẹ́ ní British Museum.

Lọ́dún 1872, ó rí i kà lára wàláà kan tó ti fọ́ pé ọkọ̀ gúnlẹ̀ sórí òkè, pé wọ́n rán àdàbà jáde, kò rí ibi bà sí, ó padà wá. Ìkún omi bíi ti inú Bíbélì! Ní December 3 ọdún náà, ó ka ìtàn yìí níwájú àwùjọ, Gladstone olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà níjòókòó. Ìwé ìròyìn Daily Telegraph náwó rán an lọ sí Nínéfè, ó sì rí àfọ́kù kan tó sọ nípa ìkún omi náà.

Ibi tó dùn mí ni pé ìgbẹ́ ọ̀rìn pa á lẹ́bàá Aleppo ní Síríà lọ́dún 1876, lẹ́nu ìrìn àjò rẹ̀ kẹta. Ẹni ọdún 36 péré ni, ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Jọ̀ọ́, bí o bá ń sapá bíi tirẹ̀, má fi ara rẹ ṣòfò.

Mo rántí ọjọ́ Àjíǹde tí o gbé káàdì ìgbéyàwó kan sí ìmọ́lẹ̀, tí o tọ́ka sí àmì ohùn kan ṣoṣo tó yẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà. Gbogbo wa ti kà á kọjá. Ojú yẹn ni mo fẹ́ kí o tọ́jú.

Wákàtí oúnjẹ ọ̀sán tí ọ̀gá rẹ ń fún yín, kí lò ń fi ṣe? Kọ èsì sí mi kí oṣù yìí tó parí, kí n lè mọ ìwé tí màá rà ránṣẹ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ