Ìdánwò, Ìdíyelé àti Ìgbéléwọ̀n: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Nínú Ètò Ìlera

Kí ìjọba tó pinnu bóyá kí àwọn ilé ìwòsàn máa lo oògùn tàbí ẹ̀rọ tuntun kan, ó yẹ kí a wo ohun tí ó lè ṣe fún aláìsàn àti ohun tí yóò ná ìlú. Àwọn olùtumọ̀ kan ń pe iṣẹ́ yìí ní ìdánwò, àwọn mìíràn ń pè é ní ìdíyelé. Méjèèjì kò kájú rẹ̀. Ìdánwò ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fún apá kan àwọn aláìsàn ní oògùn, tí wọn kò sì fún apá kejì. Ìdíyelé ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Owó nìkan ni ó ń tọ́ka sí. Ìgbéléwọ̀n ni ó bá a mu. Gbé, lé àti ìwọ̀n ni a so pọ̀, tí a pa fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n jẹ, tí a sì fi àfòmọ́ ì- ṣáájú. Ẹni tí ó bá gbé nǹkan lé ìwọ̀n mọ̀ pé apá méjì ni ìwọ̀n ní: àǹfààní wà ní ọ̀kan, ìnáwó wà ní èkejì.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ní ọdún 1999 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àjọ NICE sílẹ̀. Lára àwọn oògùn tí àjọ náà kọ́kọ́ gbé léwọ̀n ni zanamivir, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Relenza, fún àrùn influenza. Ìdánwò ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́: ó ń gé àìsàn náà kúrú ní nǹkan bí ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn arúgbó àti àwọn tí àyà ń dà láàmú tẹ́lẹ̀, àwọn gan-an tí influenza lè pa, kò pọ̀ nínú àwọn tí a fi ṣe ìdánwò náà. Nítorí náà, ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, àjọ náà ní kí àwọn dókítà má ṣe lò ó ní ìgbà òtútù tí ó ń bọ̀. Inú ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe oògùn náà kò dùn rárá. Ní ọdún 2000, a tún gbé e léwọ̀n. Àjọ náà gbà kí a máa fún àwọn àgbàlagbà tí ewu àrùn náà pọ̀ fún, bí wọ́n bá tètè dé láàárín wákàtí 36. Oògùn kan náà ni. Ẹ̀rí tí ó wà lórí ìwọ̀n ni ó yàtọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìgbàlò ni ó ṣáájú ìgbéléwọ̀n ní ti ẹ̀rọ CT tí ń ya àwòrán inú ara. Ọdún 1971 ni a kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ náà wo aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọ́fíìsì ìgbéléwọ̀n ti ilé aṣòfin Amẹ́ríkà yóò fi gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1978, àwọn ilé ìwòsàn ti rà á káàkiri. Ìròyìn kì í dá ẹ̀rọ tí a ti sanwó rẹ̀ padà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí àwọn olùtumọ̀ ń ṣì lò, èyíinì ni ìmọ̀ràn. Láti oṣù Kìíní ọdún 2002 ni ó ti di dandan fún ètò ìlera ìjọba níbẹ̀ láti pèsè owó, láàárín oṣù mẹ́ta, fún oògùn tí NICE bá fọwọ́ sí nínú irú ìgbéléwọ̀n yìí. Ìmọ̀ràn ni ohun tí a lè gbà tàbí kí a kọ̀. Ìpinnu ni ó yẹ kí a pe èyí, nítorí pé aláìsàn tí ó bá ka ìmọ̀ràn kò ní mọ̀ pé ẹ̀tọ́ òun ni láti béèrè fún oògùn náà.