Fèrèsé Tí À Ń Kà Bí Ìwé

Ibi kíkà: Ẹksodu 31:1–11, II Ọba 18:4, Luku 10:30–37

Ẹ ó rántí ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìpàdé wa rú ní Òkè-Àdó, nígbà tí a dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa fi owó àjọ ṣe fèrèsé gíláàsì aláwòrán sí ẹ̀yìn pẹpẹ. Àwọn kan ní ère ni. Àwọn kan ní kí a fi owó náà tún òrùlé ṣe. Ìyá àgbà kan sì béèrè pé, “Ojú ta ni ẹ fẹ́ yà síbẹ̀, tí kò ní jẹ́ ti òyìnbó?” Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ kí a gbọ́. Ti òrùlé wà lọ́wọ́ akápò. Ẹ jẹ́ kí a yẹ méjì tí ó kù wò.

Ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, púpọ̀ nínú àwọn olùjọ́sìn ní Yúróòpù kò mọ̀wé, èdè Látìnì ni Bíbélì sì wà. Fèrèsé ni wọ́n ń wò. Ní ìlú Chartres ní ilẹ̀ Faransé, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan wà tí púpọ̀ nínú àwọn fèrèsé aláwòrán rẹ̀ ti wà láti nǹkan bí 1200 sí 1235. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Aláàánú ará Samaria. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń kà á lọ sókè. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn aṣebàtà jókòó ti iṣẹ́ wọn, àwọn ni a sì gbà pé wọ́n fi fèrèsé náà ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ. Lókè wọn ni ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà lù wà, àti ará Samaria tí ó gbé e lọ sí ilé èrò. Ṣùgbọ́n bí ojú ṣe ń gòkè sí i, Adamu àti Efa ni à ń bá pàdé: bí a ṣe dá wọn, èso tí wọ́n jẹ, bí a ṣe lé wọn jáde nínú ọgbà. Arìnrìn-àjò tí a lù, tí a bọ́ láṣọ yẹn, Adamu ni, àwa náà ni. Kristi ni ará Samaria. Odindi ìwàásù nìyẹn, ìyá tí kò mọ á-bí-dí sì lè fi kọ́ ọmọ rẹ̀.

Iyanrìn àti eérú igi ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì náà. (Ẹ̀yin tí ẹ ti se ọṣẹ dúdú rí, ẹ mọ agbára eérú.) Wọ́n á yọ́ ọ nínú iná líle, wọ́n á fi èròjà bíi bàbà tàbí kóbáàtì sí i kí ó lè ní àwọ̀, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú ya ojú àti ìka ọwọ́ sí i lára, wọ́n á sun ún, wọ́n á wá fi òjé so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Inú gíláàsì gan-an ni àwọ̀ wà. Kì í ṣe irú rọ́bà aláwọ̀ tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé láyé ìsinsin yìí, tí oòrùn ń jẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ti òyìnbó nìkan ni iṣẹ́ yìí. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, láàárín 2010 sí 2012, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wa ilẹ̀, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó lé ní 12,000 àti àfọ́kù ìkòkò tí a fi yọ́ gíláàsì. Àyẹ̀wò fi hàn pé láàárín ọdún 1000 sí 1500 ni, àti pé èròjà ilẹ̀ wa ni àwọn baba ńlá wa fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n ń to fèrèsé Chartres, iná ń jó ní Ifẹ̀. Kóbáàtì ló fún fèrèsé tiwọn ní àwọ̀ aró, òun náà ló fún ìlẹ̀kẹ̀ tiwa.

Ṣé ère ni? Ọlọ́run tí ó kọ ère ní Ẹksodu orí 20 náà ló fi Ẹ̀mí kún Besaleli fún iṣẹ́ ọnà ní orí 31. Ṣùgbọ́n ejò idẹ tí Mose rọ nípa àṣẹ Ọlọ́run, Hesekiah fọ́ ọ nígbà tí àwọn ènìyàn ń sun tùràrí sí i. Irú ìbẹ̀rù yìí ló mú kí oníwàásù kan, Richard Culmer, gun àkàbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury ní 1643, tí ó ń fọ́ àwọn fèrèsé ibẹ̀. Lójú tiwa, ó ṣe àṣejù. Ìwé àwọn púrúǹtù ló fọ́. Síbẹ̀, bí a bá rí ẹni tí ó ń fọwọ́ kan fèrèsé wa kí ó tó gbàdúrà, kí a pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí a bá a sọ̀rọ̀.

Ní ti ìyá àgbà, kò sí òfin pé ojú àjèjì ni kí ó wà níbẹ̀. Yusuf Grillo (1934–2021), ọmọ Èkó, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ó sì fẹ́ràn àwọ̀ aró púpọ̀, ló ṣe fèrèsé irú èyí fún All Saints' Church ní Yaba. Ní Birmingham ní Alabama, ní Amẹ́ríkà, àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi bọ́ǹbù sí 16th Street Baptist Church ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 1963. Ọmọbìnrin mẹ́rin kú. Nínú fèrèsé kan níbẹ̀, bọ́ǹbù náà fọ́ ojú Jesu kúrò. Àwọn ará Wales dá owó kéékèèké jọ, John Petts sì ya Kristi aláwọ̀ dúdú tí ó na apá rẹ̀ méjèèjì. Láti 1965 ni ó ti wà níbẹ̀.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí ẹni tí ìyá rẹ̀ bá fi sẹ̀gi sílẹ̀ fún mú un wá, kó jẹ́ ẹyọ kan péré. A ó gbé e sójú oòrùn níbi fèrèsé, kí a wò ó kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀. Akápò yóò mú iye owó òrùlé dání.