Ìfẹ́ inú fíìmù àti ẹ̀jẹ̀ SS

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, Nasarawa Gwong ní Jos ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọmọ ọdún 23 ni mí, SS sì ni mí. Èmi àti ọ̀rẹ́kùnrin mi jọ wo fíìmù Five Feet Apart, a sì jọ sunkún. Nígbà tí màmá rẹ̀ gbọ́ ìtàn inú fíìmù náà, wọ́n ní kí ó jìnnà sí mi, pé a kì í fi ojú ara ẹni fẹ́ olókùnrùn. AA ni ọ̀rẹ́kùnrin mi. Ṣé mo lè kó SS ràn án ni? Àbí kí n fi í sílẹ̀ kí n má baà kú mọ́ ọn lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o ò lè kó o ràn án. A kì í kó SS, ìyẹn àìsàn fònikú-fọ̀ladìde, nípa ìfẹnukonu, oúnjẹ àjẹpọ̀ tàbí ìbálòpọ̀. Láti inú oyún ni ẹni tó ní in ti gbà á, lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀.

Àìsàn mìíràn pátápátá ló wà nínú fíìmù tí Justin Baldoni darí ní 2019 yẹn. Cystic fibrosis ni wọ́n ń pè é. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ki máa ń dí ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó bá ní in, ó sì pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó ju àwa lọ. Ohun tó mú kí wọ́n ní kí Stella àti Will, olólùfẹ́ méjì inú fíìmù náà, fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà jìnnà síra ni pé àwọn méjèèjì ló ní in, kòkòrò inú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀kan sì lè ṣe èkejì léṣe. Bí o bá rí màmá ọ̀rẹ́ rẹ, bá mi sọ fún wọn pé òfin yẹn kò kan ọmọ wọn.

Mo ní ẹjọ́ láti bá àwọn tó ń ṣe irú fíìmù wọ̀nyí rò. Nínú The Fault in Our Stars tó jáde ní 2014, jẹjẹrẹ pa ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ olólùfẹ́ inú rẹ̀. Nínú èyí tí ẹ wò, Will fi Stella sílẹ̀ lọ. Omijé ń tà, ó dájú, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó bá wò ó tán á máa rò pé ikú ló kàn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn SS tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí wọ́n ti di ìyá àgbà àti bàbá àgbà, wà ní ilẹ̀ yìí. Fíìmù Strain tí Uduak-Obong Patrick darí ní 2020 sún mọ́ wa jù, torí ìdílé Nàìjíríà tí ọmọ wọn ní fònikú-fọ̀ladìde ló dá lé.

Tí ọ̀rẹ́ rẹ bá jẹ́ AA lóòótọ́, AS ni gbogbo ọmọ yín yóò jẹ́. SS kankan kò ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tún àyẹ̀wò náà ṣe ní ilé ìwòsàn ńlá, bíi JUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Jos. Mo ti rí AA tó di AS nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, bí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí ènìyàn lára, èsì lè ṣini lọ́nà. Tó bá jẹ́ AS ni, ìdajì ni ewu SS lórí oyún kọ̀ọ̀kan. AC náà léwu.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ojoojúmọ́. Jos ga ju 1,200 mítà lọ, ẹ sì mọ òtútù ọyẹ́ ibẹ̀. Òtútù máa ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti tẹ̀ bíi dòjé á há síbẹ̀, ìrora egungun á bẹ̀rẹ̀. Wọ súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀, fi omi gbígbóná wẹ̀, kí o sì máa mu omi bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ ọ́. Má fo folic acid àti oògùn ibà tí dókítà fún ọ. Sun sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Bi dókítà rẹ nípa oògùn hydroxyurea, tí wọ́n fọwọ́ sí fún SS ní Amẹ́ríkà láti 1998. Ó ń dín kíráísìsì, ìyẹn ìrora yẹn, kù, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, o sì gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí o tó lóyún. Bí ara bá gbóná dé 38°C, tí àyà ń dùn ọ́, tí èémí kò já geere tàbí tí ẹnu wọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ọ̀rẹ́ rẹ gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí o bá lóyún, ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà ní ìpamọ́ ni kí o ti bímọ.

Má fi í sílẹ̀ nítorí SS.

ÌBÉÈRÈ: AS ni ọmọ mi, AS ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Wọ́n ní ìfẹ́ borí gbogbo nǹkan. Ìyá kan, Jos.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdààmú, mà. Lórí oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ewu SS. Kì í ṣe pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó kù ti yọ. Àwọn ilé ìwòsàn kan ní Èkó àti Àbújá lè yẹ ọlẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e sínú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kí àwọn méjèèjì lọ bá olùdámọ̀ràn jẹ́nótáìpù sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mú ọjọ́. Ẹ̀yin òbí tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ yín wò nígbà tí wọ́n ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, kí wọ́n mọ̀ ọ́n kí ọkàn wọn tó fà sí ẹnikẹ́ni.