Kí Ni Owó Ilé-Iṣẹ́ Ńlá Lè Ṣe fún Géèmù Èsìẹ́?

Ìbéèrè: Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Òmù-Àrán fẹ́ ṣe géèmù kan tí ẹni tó ń ṣeré yóò ti di akọni nínú ìtàn àwọn ère Èsìẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá òkè òkun bá fi owó tì wá lẹ́yìn, ṣé yóò dùn ju èyí tí a dá ṣe lọ?

Ó lè dùn sí i, bí owó náà bá ra àkókò fún un yín láti dán an wò kí ẹ sì tún un ṣe. Nínú irú géèmù yìí, ohun tí akọni bá yàn ní ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọrí sí nǹkan níwájú. Ìtàn ìlú Èsìẹ́ sọ pé àlejò ni àwọn ère náà kí wọ́n tó di òkúta. Bí akọni yín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, bó ṣe kí ọba, ẹni tó bá ṣọ̀rẹ́, ìgbà tó fa àdá yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń gbé e lọ. Àfi kí ènìyàn máa tọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí wò títí yóò fi rí ibi tí ìtàn ti já. Iṣẹ́ yìí ń jẹ owó gan-an. Larian, ilé-iṣẹ́ géèmù kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ta apá àkọ́kọ́ géèmù rẹ̀, Baldur's Gate 3, láti oṣù kẹwàá ọdún 2020, ó ń gbọ́ ẹnu àwọn tó rà á, kò sì gbé odindi rẹ̀ jáde títí di oṣù kẹjọ ọdún 2023.

Ẹlòmíràn á ní Larian fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde, kí la wá fẹ́ fi ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti 1996 ni Larian ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kó tó lówó tó lè fi dúró bẹ́ẹ̀. Kiro'o Games ní Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, ní láti wá ìrànlọ́wọ́ owó lọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn lórí ìkànnì Kickstarter ní 2015 kí géèmù wọn, Aurion, tó jáde ní 2016. Mo bọ̀wọ̀ púpọ̀ fún iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọ ibi tí owó oṣù tó ń bọ̀ yóò ti wá kò lè da ìjà tí kò dùn nù kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ẹ̀rù tó yẹ kó bà yín ni pé olówó lè ṣíwọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá EA ló wà lẹ́yìn BioWare nígbà tí géèmù BioWare tó ń jẹ́ Anthem jáde ní 2019. Ọ̀pọ̀ kò gbádùn rẹ̀, ní 2021 EA sì dá àtúnṣe rẹ̀ dúró. Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye oṣù tí ẹ ó fi ṣe ìdánwò sínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé tiyín ni ìtàn náà bí owó bá dá lójú ọ̀nà.