"Ó Rẹ̀ Mí" Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ibà Nìkan

Gbólóhùn "ó rẹ̀ mí" ní ju ìtumọ̀ kan lọ. Ó lè jẹ́ ara ni ó rẹ ènìyàn, ó sì lè jẹ́ ọkàn. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá kan fi ń wí i, oògùn ibà ni mo sì ń rà fún un. Èmi tí mo ń túpalẹ̀ gbólóhùn ní kíláàsì! Ní òru ọjọ́ kan, ó ní ayé ti sú òun.

Mo bi í ní gbangba bóyá ó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn. Ẹnu ni ó ń là fún ẹni tí ọ̀rọ̀ dì mọ́ nínú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Mo pe pọ́tà, ó bá wa kó oògùn apakòkòrò kúrò nínú yàrá, ó sì sìn wá dé ilé ìwòsàn ọgbà. Ẹni tí kò bá rí dókítà nítòsí, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà. A kì í sanwó pè é.

Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò máa pe òun ní wèrè. Bí a ti ń dúró de dókítà, mo sọ ìtàn Arò ní Abẹ́òkúta fún un. Láti 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti ṣètò pé kí ọ̀pọ̀ aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Dókítà yìí kan náà ni ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti Ìsẹ́yìn. Ó tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì bá wa gbé títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí.