Kí O Tó Gbé Kápúsù Yẹn Mì

Ọmọ mi, nígbà tí o wà lọ́dọ̀ wa, ìyá rẹ ló ń ka oògùn sí ọ lọ́wọ́, òun ló ń wo aago, òun ló sì ń dúró tì ọ́ títí omi yóò fi gbé e lọ. Ní báyìí tí o ti ń dá gbé, ì báà jẹ́ ní yunifásítì, níbi tí o ti ń sin ilẹ̀ baba rẹ, tàbí ní ìlú tí iṣẹ́ gbé ọ lọ, ọwọ́ rẹ ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí. Oògùn kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, torí pé a ti sọ ọ́ di yẹpẹrẹ nílẹ̀ wa. Oògùn apakòkòrò ni, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní áńtíbáyọ́tíìkì. O mọ̀ wọ́n. Ampiclox wà lára wọn, Flagyl wà níbẹ̀, Septrin, Augmentin, Cipro, àti tẹtirasáíkílìn, kápúsù pupa àti yẹ́lò tí kò sí kẹ́míìsì tí o dé tí o kò ní bá a.

Kòkòrò bakitéríà ni wọ́n wà fún jù lọ, wọn kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, òun náà ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ikọ́ àti ọ̀fun dídùn tó ń yọ wá lẹ́nu nígbà ọyẹ́. Bí o bá gbé odidi páálí Ampiclox mì nítorí ọ̀fìnkìn, ọ̀fìnkìn kò ní mọ̀ pé o mu nǹkan kan. Ọjọ́ tó fẹ́ lọ náà ni yóò lọ. Àwọn ọmọbìnrin kan gbà pé bí àwọn bá mu Ampiclox lẹ́yìn ìbálòpọ̀, oyún kò ní dúró. Irọ́ ni. Ampiclox kò mọ ọ̀nà ibi tí oyún ń gbà wọlé, ẹni tó bá sì gbẹ́kẹ̀ lé e lè lóyún. Àwọn mìíràn a tú kápúsù tẹtirasáíkílìn, wọ́n a da ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú egbò. Omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni ojú egbò ń fẹ́, lẹ́yìn náà aṣọ tó mọ́ tí a ó fi dì í. Bí ó bá ń wú tàbí tó ń ṣọyún, kí nọ́ọ̀sì wò ó. Ìgbẹ́ gbuuru náà ńkọ́? Omi ORS ló kọ́kọ́ yẹ kó dé ẹnu rẹ, kì í ṣe Flagyl. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ tàbí tí ibà gíga bá bá a rìn, gba ilé ìwòsàn lọ.

Mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò. Ara ń gbóná, orí ń fọ́, owó kò tó, kẹ́míìsì sì wà nítòsí. Ènìyàn á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ bá mi da oògùn tàífọ́ọ̀dù pọ̀." Ẹni tó ń tà á á kó oríṣi mẹ́rin márùn-ún jáde, á fi sísọ́ọ̀sì gé méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, á tú wọn sínú bébà kékeré, á pọ́n ọn. Wo bébà náà nígbà tí o bá délé. Kò sí orúkọ oògùn lára rẹ̀, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Bí ara rẹ bá ṣàdédé kọ ọ̀kan nínú wọn ní òru, kí lo fẹ́ sọ fún dókítà pé o lò? Oògùn ọjọ́ méjì ló sì wà níbẹ̀, fún àìsàn tí kò sí ẹni tó yẹ̀ ọ́ wò láti mọ̀ ọ́n.

Tàífọ́ọ̀dù yìí pàápàá, mo fẹ́ kí o mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n ń fi ìkán ẹ̀jẹ̀ ṣe ní láàbù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, bí wọ́n bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tó gbára lé. Ó lè sọ pé tàífọ́ọ̀dù wà lára ẹni tí kò ní in rárá, pàápàá nílẹ̀ tí àìsàn náà ti wọ́pọ̀ bíi tiwa. Àyẹ̀wò tó múná dóko ni èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní láàbù fún ọjọ́ mélòó kan kí kòkòrò inú rẹ̀ lè dàgbà, tí wọn yóò sì fi oríṣiríṣi oògùn dán kòkòrò náà wò láti mọ èyí tó lè pa á. Bí dókítà bá ní kí o lọ ṣe é, tàbí kí o gbé ìtọ̀ lọ, má ṣe sọ pé ó fẹ́ jẹ owó rẹ. Rí i pé o fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ náà kí o tó gbé oògùn àkọ́kọ́ mì, nítorí pé oògùn tí o bá ti mu ṣáájú lè fi kòkòrò náà pamọ́ fún láàbù. Bí o bá sì ti mu nǹkan kan nílé, jẹ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí o bá jókòó níwájú dókítà, má jẹ́ kí ojú tì ọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ara mi kì í gba pẹnisílìn." "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rò pé mo ti lóyún." "Mo ń mu àgbo láàárọ̀." Gbogbo rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n gbọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ pẹnisílìn kò gbọdọ̀ fẹnu kan Ampiclox, Amoxil tàbí Augmentin, nítorí pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹni tí oògùn ibà Fansidar ti mú kí ara rẹ̀ bó rí kò gbọdọ̀ súnmọ́ Septrin, torí pé irú oògùn tí wọ́n ń pè ní sulfa wà nínú méjèèjì. Tẹtirasáíkílìn kì í ṣe ti aláboyún, kì í sì í ṣe ti ọmọdé tí kò tíì tó ọdún 8, nítorí pé ó máa ń ba àwọ̀ eyín wọn jẹ́ títí ayé.

Ní ti bí a ṣe ń lo apakòkòrò, ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́" kì í ṣe àárọ̀, ọ̀sán àti àṣálẹ́ bí ó bá ṣe wù ọ́. Wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí o bá mu ti aago mẹ́fà àárọ̀, aago méjì ọ̀sán ni èkejì, aago mẹ́wàá alẹ́ ni ẹ̀kẹta. Jẹ́ kí fóònù rẹ máa dún sí ọ létí. Bí o bá gbàgbé, mu ún nígbà tí o bá rántí. Àmọ́ bí àkókò èyí tó kàn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, fo èyí tí o gbàgbé, má ṣe mu méjì pọ̀ láti fi dí i.

Bi apòògùn léèrè nípa oúnjẹ. Augmentin máa ń ṣe jẹ́jẹ́ sí ikùn tí oúnjẹ ti wà nínú rẹ̀. Tẹtirasáíkílìn àti Cipro kò fẹ́ mílíìkì, wọn kò fẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú, wọn kò sì fẹ́ oògùn funfun tí a ń mu fún ọgbẹ́ inú. Bí wọ́n bá pàdé nínú ikùn, oògùn náà kò ní wọ ara tó bó ṣe yẹ. Doxycycline ń fẹ́ omi kún ife, má sì dùbúlẹ̀ kété tí o bá mu ún tán, kí ó má baà jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ. Bí o bá ń lo Flagyl, kò sí bíà, kò sí paraga, títí ọjọ́ mẹ́ta yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tó gbẹ̀yìn. Mo dárúkọ paraga nítorí pé àwọn kan ń pè é ní àgbo, wọ́n sì gbàgbé pé ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́.

Ìwọ tí o ti di òbí, bí wọ́n bá fún ọmọ rẹ ní ti inú ìgò tó jẹ́ ìyẹ̀fun, fọ ọwọ́ rẹ. Kọ́kọ́ gbọn ìgò náà kí ìyẹ̀fun rẹ̀ tú. Omi tí a ti sè tó ti tutù ni kí o bù sí i, kí o bù ú díẹ̀díẹ̀, kí o máa mì í, títí yóò fi kan ìlà ara ìgò. Bí o bá kọjá ìlà yẹn, o ti là á lómi; bí kò bá dé e, oògùn náà le jù fún ọmọ. Kọ ọjọ́ tí o pò ó sára ìgò. Òmíràn kò ju ọjọ́ méje lọ, òmíràn ń lo mẹ́rìnlá, lẹ́yìn ìyẹn kí o dà á nù. Ṣíbí tàbí abẹ́rẹ́ aláìlẹ́nu tó bá a wá ni kí o fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ fíríìjì. Bí iná kì í bá dúró ní àdúgbò rẹ, sọ fún apòògùn kí o tó sanwó, kí ó lè fún ọ ní irú èyí tí yóò bá ilé rẹ mu.

Ní báyìí, ohun tó jẹ mí lógún jù lọ. Ní 1928, ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Alexander Fleming ṣàwárí pẹnisílìn. Ní 1945 wọ́n fún òun àti Howard Florey àti Ernst Chain ní ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò yin oògùn náà nìkan, ó tún kìlọ̀. Ó fi àpẹẹrẹ kan hàn wọ́n: ọkùnrin kan tí ọ̀fun ń dùn, tó ra pẹnisílìn fúnra rẹ̀, tó lo ìwọ̀nba tí kò tó pa kòkòrò náà, àmọ́ tó tó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa kojú rẹ̀. Ó kó àwọn kòkòrò náà ran ìyàwó rẹ̀. Òtútù àyà dé sí obìnrin náà, wọ́n fún un ní pẹnisílìn, kò ràn án, ó sì kú. Fleming béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbọ́ ọ pé ta ló pa á.

Èyí ló mú oògùn yìí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ oògùn tó kù. Bí o bá ṣi oògùn ẹ̀fọ́rí lò, ìwọ ni yóò yọ lẹ́nu. Bí o bá ṣi apakòkòrò lò, ó lè jẹ́ màmá rẹ àgbà ni yóò jìyà rẹ̀, tàbí ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn tí o kò tíì dé rí. Ìwádìí tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde fi hàn pé ní ọdún 2019, ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 1.27 ni ó kú kárí ayé nítorí bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́. Agbègbè tí ikú náà ti pọ̀ jù lọ sí iye ènìyàn ni ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwa ni.

Nítorí náà, bí ara bá yá ní ọjọ́ kejì, má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ. Iye ọjọ́ kò dọ́gba: àìsàn ìtọ̀ tí kò le lára obìnrin lè gba ọjọ́ mẹ́ta, ikọ́ ẹ̀gbẹ sábà máa ń gba oṣù mẹ́fà. Ẹni tó kọ ọ́ ló mọ ìdí tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ni kí o bi bí ó bá rẹ̀ ọ́. Má ṣe tọ́jú ìyókù de àìsàn mìíràn, má sì fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ní méjì nítorí pé òun náà ń wúkọ́.

Mo mọ̀ pé owó ló ń mú ọ̀pọ̀ ra ìlàjì. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GSK ti kéde ní 2023 pé àwọn ń kógbá kúrò ní Nàìjíríà, owó Augmentin ti gun òkè débi tí òṣìṣẹ́ ń dúró wò ó lórí káúńtà. Má ra ìlàjì. Sọ fún dókítà níwájú rẹ̀ pé agbára rẹ kò ká a. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oògùn tó dínwó wà tí yóò ṣiṣẹ́ náà, tó bá jẹ́ pé òun ló bá àìsàn rẹ mu. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Nígbà tí o bá sì rà á, wá nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, bí ibi tó ṣókùnkùn tí a ń ha bá wà níbẹ̀, ha á, kí o fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù bí wọ́n ṣe kọ ọ́, wọn yóò sì sọ fún ọ bóyá ojúlówó ni.

Bí ètè tàbí ojú rẹ bá wú lẹ́yìn tí o lò ó, tí mímí bá ń nira, tàbí tí ara bá ń bó tí ẹnu sì ń là, dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí o sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ọ, ì báà jẹ́ òru. Bí Cipro bá mú kí iṣan gìgísẹ̀ máa dùn ọ́, dá a dúró, kí o padà lọ sọ ọ́. Bí ìgbẹ́ olómi bá bẹ̀rẹ̀ tí kò dáwọ́ dúró, kódà kí oògùn ti tán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, sọ pé o ti lo apakòkòrò. Bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta bá kọjá tí ara kò fúyẹ́, má ṣe yà sí kẹ́míìsì láti fi òmíràn kún un. Mú páálí oògùn náà dání, pẹ̀lú ìyókù tó wà nínú rẹ̀, kí o padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ fún ọ.